Ìyá ọkọ mi àti ọ̀gá sójà níbi orin jáàsì

Díẹ̀ ló kù kí ìyá ọkọ mi kó wa sí wàhálà lọ́wọ́ sójà lónìí.

Ọkọ mi ló ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ olórin jáàsì kan. Màmá rẹ̀, tí wọ́n ń ta ẹja ní Ìlàjẹ ládùúgbò wa, ò tíì rí i lẹ́nu iṣẹ́ rí. Kò sí epo mọ́tò nílùú, èmi àti Màmá fẹsẹ̀ rìn dé gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń ṣeré lÓnípanu. Ọ̀gá sójà kan ló jókòó síwájú wa.

Orin ń lọ dáadáa títí ó fi kan afunfèrè láti dá fun tirẹ̀. Ọkọ mi gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù, ó ń gbọ́ ọ. Ni Màmá bá dìde.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi?"

Ọ̀gá sójà yíjú padà. Ẹ̀rù bà mí, mo ń fa ìró wọn, wọn ò jókòó.

"Màmá, ẹ ní sùúrù," ni sójà wí. "Ó máa tó kàn án."

Ó kàn án lóòótọ́. Ìka ọkọ mi sáré lórí dùùrù débi pé sójà fúnra rẹ̀ dìde, ó ń pàtẹ́wọ́.

Màmá fọwọ́ tọ́ ọ léjìká.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àwa tá a wà lẹ́yìn ò ríran."

Ó sì jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n tún mú wọn lọ lọ́jọ́ míì?