Àwọn Ọdún Tí Mo Fi Tọ́jú Bàbá Mi

Ní ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi lórí fóònù pé ihò ńlá wà nínú sííví mi, ìwé tí mo fi ń wáṣẹ́, bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo tan sípíkà fóònù náà, torí pé ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí mo fẹ́ máa ṣàtúnṣe ìwé náà bí ó bá ṣe ń sọ̀rọ̀. N kò rò pé bàbá mi ń fetí sí wa. Ojú oorun ló fi ń wo ìta.

Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni mo ti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Èkó gbà mí. Iṣẹ́ wa ni kí á máa so àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀ mọ́ra wọn, kí á sì máa tọ́jú wọn kí wọ́n má baà dákẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo rántí bí inú mi ṣe máa ń dùn tí mo bá wà lábẹ́ tábìlì ẹnì kan, tí wáyà yí mi ká, tí mo wá gbọ́ tí ẹni náà kígbe lókè pé, "Ó ti wọlé o!"

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí láti Odìgbó pé bàbá mi ṣubú sínú oko kòkó, pé apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, èmi nìkan sì ni ọmọ. Mo tọrọ ààyè ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún, ọdún sì ń gorí ọdún. Iléeṣẹ́ náà fi ẹlòmíràn sípò mi. N kò bá wọn jà.

Mo kọ́ bí a ṣe ń gbé àgbàlagbà dìde lórí ibùsùn láì fà á lápá já. Mo kọ́ bí a ṣe ń bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà há a lọ́fun. Ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́, mo ń fi ọwọ́ ra á ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ padà sí i lẹ́nu ni orúkọ mi, kò sì pé, ìdajì rẹ̀ ló pè. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Nígbà tí ó wá di pé ó lè fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo lè fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí wáṣẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí òṣìṣẹ́ wọn ń jókòó sílé ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ti èmi nìyẹn. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, ẹni tó ti di ọ̀gá níbòmíràn báyìí, mo ní kó bá mi wo sííví mi.

"Ka ohun tí o kọ sábẹ́ ìrírí iṣẹ́ fún mi," ó ní.

Mo kà á.

"Lẹ́yìn ti iléeṣẹ́ wa àtijọ́ ńkọ́? Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Mo kọ ọ́ pé mò ń tọ́jú bàbá mi tó ń ṣàìsàn."

Ó mí kanlẹ̀. "Jọ̀ọ́, yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn sí iṣẹ́. Àmọ́ tí o bá tún yọ ọ́, ihò ńlá ló máa kù níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí ihò báyẹn, wọn ò ní kà á dé ìsàlẹ̀. A ní láti wá nǹkan fi dí i. Àwọn ohun tí o sì kọ pé o mọ̀ yìí, wọ́n ti di ti àtijọ́. Kò sẹ́ni tó ń fa wáyà kiri bíi tiwa ìgbà yẹn mọ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ wà báyìí. O ní láti tún un kọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù. Bàbá mi kò yíjú sí mi.

"Ihò tó ń sọ yẹn," ó ní, ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, "èmi ni, àbí?"

"Rárá o, Bàbá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ la ń sọ."

"Mo gbọ́ Yorùbá, ọmọ mi."

Mo ní kí n lọ wo ohun tó wà lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tún iṣẹ́ kọ́. Àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ní Odìgbó, bí iná bá wà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè má sí. Nítorí náà mo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rẹ̀, sí ṣọ́ọ̀bù tí ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àlùfáà ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ó ní jẹnẹrétọ̀, ó sì fún mi ní ìjókòó kan ní kọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń kà yé mi, ṣùgbọ́n kì í tètè yé mi bíi ti àtijọ́. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ni nínú fídíò náà kéré sí mi. Wọ́n á ní, "Gbogbo wa la ti mọ èyí," wọ́n á sì kọjá. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Màá dá fídíò náà dúró, màá tún un wò.

Àìmọye ìgbà ni mo tẹ sííví náà, tí mo tún un tẹ̀. Nígbà kan mo bi Àlùfáà bóyá àwọn tó ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń ríṣẹ́.

Ó ronú díẹ̀. "Wọ́n máa ń padà wá tẹ òmíràn," ó ní. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn dáhùn ohun tí mo bi í ni.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi fi sííví náà ránṣẹ́ padà lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti tún un ṣe. Ó dára lójú. Ní ibi tí bàbá mi wà tẹ́lẹ̀, ó ti kọ ọ́ pé mo jẹ́ olùdámọ̀ràn aládàáni fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Mo pè é, mo bi í pé ta ni mo gbà nímọ̀ràn. Ó ní, "Ṣé o ò tíì bá ẹnikẹ́ni tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ ni?" Mo ní mo ti bá Àlùfáà tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ó tán." Mo fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan tó ń wá ẹni tí yóò máa ran àwọn oníbàárà wọn lọ́wọ́ láti ilé.

Ní gbogbo àsìkò yìí, bàbá mi yí padà. Bí mo bá fẹ́ de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, á ní, "Fi sílẹ̀, màá ṣe é." Á máa fi ọwọ́ òsì wá ihò bọ́tìnnì títí òógùn á fi bò ó. Bí mo bá gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, á ní kí n bọ́ síta. Mo rò pé ara rẹ̀ ló ń yá. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ sọ fún ìyá tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé wa pé Bàbá ti ń di ọmọdékùnrin.

Iléeṣẹ́ náà dáhùn. Wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò. Lójú ẹsẹ̀ ni mo sọ fún bàbá mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà gígùn, ibi púpọ̀ sì wà nínú àdúrà náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo fún un ní oúnjẹ, mo gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ìtòsí, mo sì gba Ọ̀rẹ̀ lọ. Àlùfáà ti palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́ fún mi. Ó jáde lọ bẹ àwọn tó ń pe èrò Benin lóde pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sún síwájú díẹ̀. Mo pa fóònù mi kí ó má baà dún. Ojú ènìyàn mẹ́ta yọ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè nípa iṣẹ́, mo sì dáhùn dáadáa. Mo rí i pé wọ́n ń mi orí. Àyà mi rọlẹ̀.

Ọkùnrin tó wà láàárín wá sọ pé, "Sọ fún wa nípa oníbàárà rẹ kan láàárín ọdún wọ̀nyí. Kí ni ìṣòro rẹ̀, báwo lo sì ṣe yanjú ẹ̀?"

Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀ nípa ẹ̀rọ Àlùfáà. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "N kò ní oníbàárà, sà. Bàbá mi ni mo ń tọ́jú."

Obìnrin kan ṣoṣo tó wà pẹ̀lú wọn ló wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àwọn dúpẹ́ pé mo sòótọ́, pé àwọn yóò kàn sí mi. Ojú wọn sì kúrò lórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo tan fóònù mi, ìyá tó ń yan gàrí ti pè mí títí ó fi sú u. Mo pè é padà.

"Ọmọ mi, máa bọ̀ nílé," ó ní. "Bàbá ṣubú."

Ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ìyá náà tó gbọ́ ìkérora rẹ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbé e sórí ẹní. Ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀, ó ti gbẹ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dúró dè mí.

"Mo fẹ́ wẹ̀ kí o tó dé," ó ní. "Kí o lè sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń dá ọ dúró."

Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán. Láti ọjọ́ náà, kò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ímeèlì iléeṣẹ́ náà dé. Wọ́n kí mi dáadáa nínú rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ti mú ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi bínú nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Ta ló ní kí o sọ fún wọn?" ó ní. Láti ìgbà náà, kò pè mí mọ́, èmi náà kò sì pè é.

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nítòsí ilé wa gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ti kú. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwọn bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà sójú pátákó, àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé wọn, wọ́n á sì máa fi ìka tẹ orúkọ ara wọn lórí bébà náà. Ìyá tó ń yan gàrí ló máa ń bá mi wo bàbá mi títí mo fi ń dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan báyìí, mo ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà bó, ó sì sọ pé, "Ká ní mo ti kú sínú oko lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ì bá ti lọ jìnnà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

"Bàbá, ẹ dákẹ́!" mo ní. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀, mo fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Ó ti rẹ̀ mí, mo kàn jáde nínú yàrá.