Bọ́tìnì Tí Ìyá Wọ̀n-ọ́n-wò Fi Wọn Kókó

Gbogbo àdúgbò ló ń pe aránṣọ yìí ní Ìyá Wọ̀n-ọ́n-wò, nítorí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ àfi tí téèpù bá jẹ́rìí sí i. Ẹ lè búra fún un pé ìbàdí yín ò fẹ̀ sí i láti ọdún tó kọjá. Á rẹ́rìn-ín, á sì wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà ní ojú ara rẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, kò sí téèpù tó ṣeé fi wọ̀n ọ́n. Kókó kan ni, ó rọ̀, kò sì dùn ún. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti yọ ilé-ọmọ rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kì í dá, ó sì ti fọkàn balẹ̀ pé ilé tí wọ́n ti wó, olè kì í fọ́ ọ mọ́. Àyà rẹ̀ já. Jẹjẹrẹ ojú ara ló pa ìyá tó bí i, bí tìyẹn náà sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó tú agolo bọ́tìnì, ó ṣa èyí tó tó kókó náà, ó sì tì í bọ àpò kékeré kan. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkẹta tóbi tó bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Nígbà tó fi máa di ìkeje, bọ́tìnì kóòtù ló mú. Ẹ̀rù bà á débi pé ó ń rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Tí wọ́n bá bi í, á ní ojú ló ń dun òun, ó tilẹ̀ lọ ra oògùn ojú. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ilé ọkọ, ló rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó wá kí i. Kò bá a jiyàn, ó mú un lọ sí ọsibítù.

Dókítà obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó jókòó. "Mọ́mì, ó lè jẹ́ ẹran tó hù níbi tí wọ́n ti rán yín nígbà tí wọ́n yọ ilé-ọmọ yín. Ìyẹn kì í pani. Ṣùgbọ́n a máa gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò ká tó lè sọ. Ìgbà wo lẹ rí i?"

"Bí ọ̀sẹ̀ kan."

"Ṣé ó ń tóbi sí i?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n látọjọ́ tó ti ń ránṣọ, kò purọ́ ìwọ̀n rí. Ó mú àpò náà jáde, ó to bọ́tìnì méje sórí tábìlì, láti orí kékeré dé ńlá. "Ọ̀sẹ̀ kan, bọ́tìnì kan," ó ní.

Dókítà kà wọ́n. Ọmọ Ìyá Wọ̀n-ọ́n-wò ò kà wọ́n. Èyí tó kéré jù ló mú, funfun tó ń dán. Méjìdínlógún irú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń rán lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ rí kókó náà.

"Mọ́mì, ṣé torí ìgbéyàwó mi lẹ ṣe dákẹ́?"

"Mo fẹ́ rí ẹ nínú aṣọ yẹn ná," ìyá rẹ̀ fèsì, "kí wọ́n tó sọ ohun tó jẹ́ fún mi."