Bàsíà Òfìfo Etí Odò Ọya

Ní ìlú tí wọ́n ti bí mi, bí wọ́n bá rí èèyàn tó ń rìn kiri láìgbé nǹkan kan lọ́wọ́, wọ́n á bi í pé ta ló kú. Àwọn àgbà wa ló kúkú sọ pé a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí èèyàn ò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Nígbà tí mo dé Onitsha, mo bá a pé bákan náà ni tàwọn Ígbò rí. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí dókítà òyìnbó sọ fún ọkọ mi pé kó máa rìn láràárọ̀, pé kì í ṣe pé kó máa lọ síbì kan o, kó ṣáà máa rìn, àwa méjèèjì wojú ara wa. Mo rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Àdúgbò Fegge là ń gbé, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ ariwo àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi láti inú ilé. Ọkọ mi ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, èmi ń ta mílíìkì, ṣúgà àti sàdíìnì níwájú ilé. A ti kó àwọn ìbejì wa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá, torí Ígbò ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Bàbá Ìbejì jí tí apá òsì rẹ̀ kò gbéra. Ọwọ́ bọ̀ sípò nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ ò mọ irú ọkùnrin tí mò ń sọ. Ẹni tó máa ń rìn bí ẹni pé òun ló ni títì ni. Bó bá wọ agbádá jáde báyìí, títí dé ọjà ni wọ́n á máa kí i ní Ọ̀gá, Ọ̀gá, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Ó wá wọ inú yàrá lọ, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ṣí ìsọ̀. Ó ní òun ò ní wọ́ ẹsẹ̀ kọjá níwájú àwọn tó ń kí òun ní Ọ̀gá, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ kú ná, ká wá mọ ẹni tí yóò ta gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ yìí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ògiri. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, torí mo mọ̀ pé bó bá fi lè pẹ́ nínú yàrá yẹn, kò ní jáde mọ́.

Èmi ni mo dá ọgbọ́n bàsíà. Mo ní ká máa jáde kí oòrùn tó yọ, ká gba etí odò. Èmi á ru bàsíà ńlá mi, màá fi aṣọ bò ó, màá máa lọ níwájú. Òun á máa bọ̀ lẹ́yìn bí ọkọ tó ń sin ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibi òwò. Ta ni yóò máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹrù wà níbẹ̀ tí wọ́n lè wò? Ó rò ó títí, ó ní, "Kí ni a máa kó sínú rẹ̀?" Mo ní a ò ní kó nǹkan kan sí i. Ṣé èmi ni màá tún máa ru ẹrù gidi nítorí ìtìjú ẹlòmíì?

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Odò Ọya kì í ṣe òkun, ṣùgbọ́n ó ní ìgbà tó ń wọlé àti ìgbà tó ń padà. Nígbà ọyẹ́, omi á fà sẹ́yìn, yanrìn funfun á yọ, ọ̀nà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì là gba ìsàlẹ̀ lọ títí dé ibi tí odò Idemili ti ń wọ inú odò ńlá. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí èèyàn bá sún mọ́ omi, yanrìn á le lábẹ́ ẹsẹ̀. Bó bá jìnnà sí i, ẹsẹ̀ á máa rì. Bí òjò bá wá dé, omi á gbé gbogbo ọ̀nà yẹn mì, àwa náà á wá gba òkè, gba ẹ̀yìn Fegge lọ sí Awada. Oko àwọn ará Obosi ló pọ̀ ní Awada nígbà yẹn, ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ lósì, ilẹ̀ pupa tó ń yọ̀. Bàbá Ìbejì ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti fìlà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àṣé ara rẹ̀ ti ń yá.

Mo ní ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ bóyá ó ń yá. Lórí yanrìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń fa ìlà gígùn. Mo máa ń dúró bí ẹni tó ń tún òṣùká ṣe, mo máa ń wẹ̀yìn wo ìlà yẹn láìjẹ́ kó mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí yanrìn fi yọ lẹ́ẹ̀kejì, ìlà náà ti ń já.

Wàhálà wa ni àwọn tó fẹ́ rajà. Kò sí ẹni tó rí bàsíà tí kò ní béèrè pé kí ni mò ń tà. Obìnrin Ígbò kan wà tó máa ń gbin ọ̀dùnkún sórí ilẹ̀ tí omi bá fà kúrò, Ìyá Ọlọ́dùnkún là ń pè é nínú ilé wa. Láràárọ̀ ló ń bi mí: "Gịnị ka ị na-ere?" Kí lò ń tà? Mo ní mo ti tà á tán. Oòrùn ò tíì yọ o! Ó wò mí, ó ní mo mà mọ ọjà tà.

Lọ́jọ́ kan ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pè mí ní nwunye anyị, ìyàwó wa, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó ilé lọ́hùn-ún. Ó ní bàsíà tó lẹ́rù kì í mì báyẹn lórí èèyàn, pé gbogbo àwọn tó wà létí odò ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Bàbá Ìbejì nígbà tí a délé. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣáà máa gbé e." Ni mo bá ń gbé e nìṣó. Kí ni ǹ bá ṣe?

Àárín àkókò yẹn ni wọ́n ń kọ́ afárá tí ogun wá já lẹ́yìn náà. Láti orí yanrìn la ti ń rí àwọn òpó rẹ̀ tó ń wọ inú omi lọ. Bàbá Ìbejì á fi ọ̀pá rẹ̀ nà án, á ní, "Bó bá kan Àsàbà lódìkejì, n ó fi ẹsẹ̀ ara mi rìn ín kọjá." Mo ní àmín.

Afárá kan Àsàbà. Gbogbo Onitsha wọ aṣọ ìgbà lọ rìn lórí rẹ̀, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, láìsí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń jẹ́. Mo ní ká lọ. Ó ní èrò ti pọ̀ jù. Mo ní ọjọ́ mìíràn ńkọ́? Ó ní ká gba ibi yanrìn wa. Inú bí mi débi pé mo gbé bàsíà jù sílẹ̀. Mo ní, "Ẹsẹ̀ yín ti yá, ojú àwọn èèyàn ló kù tó ń ṣe yín." A ò bára wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìlú wá dàrú. Wọ́n pa àwọn Ígbò lókè Ọya, àwọn tó sá bọ̀ sì ń dé sí Onitsha pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Kò sí ẹni tó bú wa ládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọkún kò lè kíni bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ jáde pé kí àwa tí a kì í ṣe ará ibẹ̀ máa lọ sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé wọ́n tún lè léni relé. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn awakọ̀ tó wá láti ìhà wa ò gbà láti wọ Onitsha. Àsàbà ni ọkọ̀ dúró sí, a ní láti fẹsẹ̀ rìn lórí afárá. Mo wá ọlọ́mọlanke kan tí yóò ti Bàbá Ìbejì. Ó wo ọmọlanke náà, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kó aṣọ sí i."

Ìyá Ọlọ́dùnkún wá kí wa pé ó dàbọ̀. Omi ti kún nígbà yẹn, ó ti wú ohun tó gbìn kó tó kún. Ó mú bàsíà mi níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kó ọ̀dùnkún sí i dé ẹnu, ó to ẹja gbígbẹ lé e. Ó ní, "Lónìí, jẹ́ kí nǹkan wà nínú ẹ̀." Mo dì mọ́ ọn, mo sọkún bí ọmọdé.

Ìgbà tí a dé àárín afárá, ọrùn mi fẹ́ já. Mo dúró. Mo bojú wolẹ̀ wo ìsàlẹ̀, kò sí yanrìn, kò sí ọ̀nà wa, omi pọ́ńbélé ni. Bàbá Ìbejì lé mi bá níbẹ̀.

Ó ní, "Gbé e rù mí."

Mo ní, "Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò."

Ó ṣí fìlà, ó ki í bọ àpò, ó gba òṣùká lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e rù ú. Ọ̀gá aláṣọ, lójú gbogbo àwọn tó ń kí i lọ́jà, ru ọ̀dùnkún, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń wọ́ díẹ̀ lórí afárá, kò sì sí ẹni tí kò lè gbọ́ ìró rẹ̀. Òun ló ń lọ níwájú. Èmi ń tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfìfo, mi ò mọ ibi tí màá kó ọwọ́ méjèèjì sí.

Bí a ṣe fẹ́ bọ́ sí Àsàbà, obìnrin kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ké sí i, ó bi í ní Ígbò pé kí ló ń tà.

Kò dúró. Ó fi Ígbò dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì ròkè dáadáa, "A ò ta nǹkan kan. A kàn ń rìn kiri ni."