Àdúrà Tí Kóòṣì Wa Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ pápá yìnyín, góòlù mọ́kànlélógún ni mo gbá sáwọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, láìwọ bàtà. Ẹni tó bá ní òtútù mú mi lọ́jọ́ náà, irọ́ ló ń pa. Yìnyín ló ń gbọ̀n.

Ẹni tí kò bá gbà á, kó wá bá mi ní Peckham ní ìlú ọba níbí, màá tún fi méjì kún un. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Tíṣà ló ní kí n máa lọ sílé, mo sì jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní pápá yìnyín náà ni pé mo máa ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ họ́kì wa, mo sì máa ń sá ìbọ̀wọ́ wọn. Họ́kì orí yìnyín ni mò ń wí, tí wọ́n ń wọ bàtà tó ní irin lábẹ́, tí wọ́n ń fi igi lé rọ́bà pẹlẹbẹ kiri. Ìbọ̀wọ́ họ́kì tó bá ti mu òógùn fún wákàtí méjì, pánla máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i.

Kóòṣì ẹgbẹ́ náà, ojúlé kejì sí tèmi ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì lálẹ́, ó ń sùn lọ́sàn-án, bàbá rẹ̀ kò sì sí nítòsí. Èmi ni mo máa ń mú un wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi yìnyín. Dádì ló ń pè mí, mi ò sì sọ fún un rí pé kó má pè mí bẹ́ẹ̀. Ó dàgbà, ó gbá họ́kì títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀, ló bá di kóòṣì. Ẹgbẹ́ wa tí gbogbo ayé ń nà bí ẹni ń pa ẹ̀wà, òun ló sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tó gba ife lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.

Ife kejì yẹn ló fa wàhálà. Ọmọge tó bá rẹwà, bàbá rẹ̀ kì í ráyè sùn. Kánádà ń pè é, Jámánì ń pè é, ẹgbẹ́ olówó kan lápá òkè ìlú ọba níbí náà ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ká aṣọ, ó jókòó tì mí.

"Dádì, wọ́n ń wá mi o. Àmọ́ tí mo bá mú ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. I promise."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi okùn so ó mọ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá ni mo jẹ́ sí i lóòótọ́, àbí arúgbó tó ń fọ aṣọ.

Lórí Rye Lane, títì ọjà Peckham wa, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ará Ìjẹ̀bú kan wà tó ń ta ẹja níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé ẹja lọ.

"Bàbá, kóòṣì yín ń lọ sí Kánádà, àbí?"

"Kánádà kẹ̀? Ọkọ̀ òfuurufú méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ wá gbé e. Èmi ni mo dá wọn padà ní Catford nítòsí wa níbí. Mo ní kò sí ibi tí wọ́n máa páàkì sí."

"Jámánì ńkọ́?"

"Ó jẹ sọ́séèjì wọn lẹ́ẹ̀kan, inú ń run ún títí ó fi padà dé Sydenham níbí. Kò lọ ibì kankan."

"Ẹ búra."

"Mo fi irùngbọ̀n mi búra. Tó bá lọ, kí o wá fá a."

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, kóòṣì wá sílé mi pẹ̀lú ìgò oyin kan. Ó bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Dádì, ẹ ṣàdúrà fún mi. Mò ń ronú ibi tí mo máa ti ṣiṣẹ́."

"Ṣé o ti mú ọ̀kan ni?"

"Rárá, Dádì. Mo ṣì ń rò ó."

Mo ní kó dúró. Mo ní òtútù Kánádà kì í ṣe ti ọmọ èèyàn. Mo ní ní Jámánì, tí ẹgbẹ́ bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta, ta ló máa bá a wọ bọ́ọ̀sì padà sílé láìsọ̀rọ̀? Ó mi orí. "Mo gbọ́, Dádì."

Mo wá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ibi tó bá fi ẹsẹ̀ lé, ilẹ̀ á gbà á. Ilẹ̀kùn tó bá dé ẹnu rẹ̀, wọ́n á ṣí i kó tó kàn án. Tó bá dé ilẹ̀ àjèjì, wọ́n á pè é ní ọmọ wọn. Mi ò fẹ́ kó dé ilẹ̀ àjèjì kankan o, àmọ́ bí àdúrà ṣe ń lọ nìyẹn. Èèyàn kì í fi ahun gbàdúrà. Níbi ilẹ̀ àjèjì yẹn, àmín rẹ̀ ròkè débi pé aládùúgbò mi gbá ògiri.

Àdúrà àgbà kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń dá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti jáde lẹ́nu, tí wọ́n ti ṣe àmín sí i, ó ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo yà ra ẹja. Kí n tó kí wọn tán, ará Ìjẹ̀bú ti na fóònù sí mi.

"Bàbá, ṣé kí n mú abẹ wá?"

Kóòṣì wa ló wà nínú àwòrán, ó di aṣọ ẹgbẹ́ Jámánì mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní àwòrán àtijọ́ ni. Obìnrin kan tó wá ra ẹja gba fóònù, ó kà á sókè. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ti fọwọ́ síwèé.

Mo fi ìka kà á. Mo tún un kà. Lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, yíǹkì ti gbẹ.

"Ẹ̀yin ò mọ̀ ni?" obìnrin náà ní. "Mo rò pé ọmọ yín ni."

Ará Ìjẹ̀bú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wé orí ẹja kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n fi se ọbẹ̀. Orí ẹja ọ̀fẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Kì í ṣe Jámánì ló dùn mí. Ọmọ tó bá mọṣẹ́, kó lọ síbi tí wọ́n ti mọyì iṣẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé ó ṣe bí ẹni tó ti gbé ìyàwó wọlé tán kó tó wá bi àna bóyá kó fẹ́ ẹ. Ó jẹ́ kí n máa sọ ìmọ̀ràn lórí ohun tó ti parí, ó ń mi orí sí mi bí wọ́n ṣe ń mi orí sí ọmọdé.

Lọ́jọ́bọ̀ ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní kọ́rídọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, tí àwọn tó ń gbé lókè ń ré e kọjá pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́.

"Dádì, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé èmi ni ẹnikẹ́ni?"

Ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní lè fi gbogbo ọkàn ṣe àdúrà yẹn. Mi ò sì lè lọ láìgba àdúrà bàbá mi." Mo gbé e dìde, mo sì nu ojú rẹ̀ nù.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbi tí mo dé yìí. Kóòṣì kò wá. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, mi ò ti ilẹ̀kùn láti àárọ̀, ọkùnrin tó wá wo mítà gáàsì nìkan ló wọlé. Ohun tí kóòṣì fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ni "Ẹ ṣeun fún àdúrà, Dádì, a máa sọ̀rọ̀," pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Láti ìgbà náà, a ò tíì sọ̀rọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, ẹkún yẹn, ohun tó sọ nípa àdúrà bàbá rẹ̀, èmi ni mo hùmọ̀ gbogbo rẹ̀, mo sì fi sí i lẹ́nu, torí ó wù mí kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi.