Àga Eudosia Lẹ́nu Ihò Èèrà

Ẹni tó bá sọ pé olórí kunkun ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kò purọ́ mọ́ ọn. Eudosia Ardila ni orúkọ rẹ̀. Òun ló tọ́ èmi Nubia láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, nítorí náà bí mo bá bú u díẹ̀ nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ n bú u. Ẹlòmíràn ni kó má dán an wò.

Àwa tá a wà lókè odò Suárez, èèrà onídìí la fi ń mọ ìgbà. Tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bá ti kọjá, tí òjò rọ̀ dáadáa, tí oòrùn sì mú ganrínganrín lọ́jọ́ kejì, àwọn abo èèrà á máa tú jáde látinú ilẹ̀ bí èsúnsún, ìdí wọn á rí rogodo bí ẹ̀wà. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń mọ ògiri á ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, olùkọ́ á tú kíláàsì ká, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Kò sí ọgbà, kò sí géètì tó ń dá wa dúró. Ibi tí ihò bá wà la máa gbà lọ kó wọn, torí oúnjẹ wa ni wọ́n, ì báà jẹ́ ilẹ̀ ẹni tá a ti ń bá yodì láti ọdún mẹ́wàá. Àwọn èèrà tó ń ṣọ́ ẹnu ihò kì í sì í ṣeré. Tí wọ́n bá gé èèyàn jẹ, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Ọwọ́ Eudosia kún fún àpá wọn, àmọ́ kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní ohun tóun máa jẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ jẹ òun díẹ̀.

Owó èèrà tó ń tà ló fi rán mi níléèwé. Ó máa já ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ wọn dànù, á rẹ wọ́n sínú omi iyọ̀, á wá yan wọ́n nínú agbada amọ̀ títí wọ́n á fi máa dún wàràwàrà tó bá ń rò wọ́n. Ihò tó tóbi jù ládùúgbò wa wà ní pápá òkè, nídìí igi ńlá kan. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti kó èèrà, ibẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ti kó o. Ìgbà tí Crisanto, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, wá ta pápá náà fún ará ìlú ńlá kan, Eudosia ò bá a jà. Ó kàn ní kí Crisanto rántí pé òun ò tíì kú.

Dókítà Urdaneta lẹni tó ra ilẹ̀ náà. Oníṣègùn eyín ni, ó ti fẹ̀yìn tì ní Bogotá, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Ó kọ́ ilé àlejò oníyàrá mẹ́jọ síbẹ̀, ó sì gbin ogójì igi ọsàn kékeré sí iwájú rẹ̀. Èmi ni mò ń dáná fún un. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èèrà onídìí ń ṣe: ewé ló ń gé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà jí, ó bá ogójì igi tí kò ní ewé kan ṣoṣo lórí mọ́. Mo máa sọ òótọ́, mo rẹ́rìn-ín. Aṣọ ìnuwọ́ ni mo fi bo ẹnu.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo rí àpò oògùn èèrà nílé ìdáná, oògùn aláwọ̀ búlúù tó rí wóró wóró bí iyọ̀ líle. Dókítà fẹ́ pa gbogbo ihò náà run. Mo sáré lọ sọ fún Eudosia. Ó gbé àga rẹ̀, àga onígi tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ ṣe ìjókòó rẹ̀, ó gbé e gun òkè lọ sí pápá náà, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ihò, ó sì jókòó. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni nígbà yẹn.

Dókítà jáde wá bá a.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ilẹ̀ mi lẹ wà?"

"Mo mọ̀, Dókítà."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo jókòó ni."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí oògùn yín á fi bà jẹ́ nínú àpò."

Dókítà nu ojú rẹ̀. "Ìyá, kòkòrò lásán nìyí. Wọ́n ti jẹ ọgbà mi tán."

"Àwọn ló kọ́kọ́ débí. Ẹ̀yin lẹ lọ gbin oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ẹ wá ń bínú pé wọ́n jẹun."

Nígbà tó di ọ̀sán, Crisanto wá bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ ń dójú tì mí."

"Ìwọ lo ta ilẹ̀. Ṣé o kọ èèrà sínú ìwé tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí?"

"Mi ò kọ ọ́."

"O ò tíì ta èèrà nìyẹn. Lọ bá mi gbé kọfí wá, má sì fi ṣúgà sí i."

Crisanto lọ gbé kọfí wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń gbé e wá.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nílé àlejò yẹn ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Dókítà fẹ́ pa èèrà, àmọ́ èèrà yíyan ló fi ń dá àwọn àlejò rẹ̀ lára yá. Ó máa gbé e sínú àwo gíláàsì, á fi ṣíbí lu àwo náà, á ní, "Ta ló láyà?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹnì kan á di ojú pa, ẹnì kejì á gbé fóònù sókè, ẹnì kẹta á jẹ ẹ́ tán á lọ tu ú sínú òdòdó. Oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni wọ́n ń tu sínú òdòdó. Èmi sì ni mo máa ń fọ àwo náà, mo sì mọ̀ dájú pé dókítà fúnra rẹ̀ ò fi ọ̀kan kan ẹnu rí. Èèrà náà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá kó o wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, òjò rọ̀ láti ìdájí. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin ọ̀rẹ́ Eudosia kan tí wọ́n jọ dàgbà, kò sì lè ṣe kó má lọ. Ó fi àga sílẹ̀ lẹ́nu ihò, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ìgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni dókítà lọ da oògùn síbẹ̀. Kò tiẹ̀ gbé àga náà kúrò. Ó dà á yí ẹsẹ̀ àga ká.

Láàárọ̀ Sátidé, oòrùn mú, èèrà sì jáde. Eudosia gbé garawa rẹ̀, ó gun òkè, ó bá wóró búlúù nílẹ̀. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́nu ihò bí ẹni tó ń dá màlúù dúró, ó ń sọ fún gbogbo àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n padà. Àmọ́ àwọn kan ti gba ẹ̀yìn wá kó tó dé. Garawa wọn ti kún, wọ́n ti lọ. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdébìnrin, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Eudosia máa gbé garawa òfìfo sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí èèrà jáde. Crisanto sọ fún mi pé kò sunkún. Ó ní ì bá sàn kó sunkún.

Èmi ò mọ nǹkan kan. Ilé ìdáná ni mo wà láti kùtù. Èèyàn márùn-ún ló ti kó èèrà wá fún mi, mo sì ti yan án.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn àlejò pé jọ sí fàráńdà. Dókítà lu àwo. "Ta ló láyà?" Ọmọbìnrin kan tó dé fìlà pupa mú ọ̀kan, ó di ojú pa, ó la ẹnu, ọkọ rẹ̀ ń ya fọ́tò. Bí Eudosia ṣe gun àtẹ̀gùn dé nìyẹn, tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú.

"Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi. Kì í ṣe pé kò dáa. Ó kàn jẹ́ pé a ò mọ ibi tó ti wá."

"Ìyá, kí ló dé?" Dókítà dìde. "Àwọn àlejò mi nìyí."

"Dókítà, ihò wo ni wọ́n ti kó èèrà yìí?"

"Abúlé ni wọ́n ti kó o wá."

"Mo ní ihò wo?"

Dókítà wò mí. "Nubia, ihò wo ni?"

"Mi ò mọ̀, sà. Èèyàn márùn-ún ló kó o wá. A kì í béèrè."

Eudosia la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sójú gbogbo wọn. Wóró búlúù wà níbẹ̀. Títí di àkókò yẹn, "ẹ" ló ń bá dókítà sọ. Láti ibẹ̀ lọ, kò tún fún un ní "ẹ" mọ́.

"Ìdí àga mi ni mo ti ṣa èyí láàárọ̀. O dà á síbẹ̀ lánàá nígbà tí mo lọ sìnkú. O rò pé torí o ti ṣe ọgbà yí ilẹ̀ náà ká, kò sẹ́ni tó máa wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí èèrà bá jáde, a kì í mọ ọgbà. Àwọn èèyàn ti kó tiwọn kí n tó dé. O ò mọ̀, torí pé o ò béèrè. Ó wà nínú àwo yìí, tàbí kò sí níbẹ̀, èmi ò mọ̀. Àmọ́ ìwọ lo ní kí ẹni tó bá láyà jẹ ẹ́. Ó ti yá. Jẹ ọ̀kan."

Dókítà na ọwọ́ sí àwo. Ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Ọdún márùndínlógójì ló fi ń sọ fún ọmọ aráyé pé kí wọ́n la ẹnu. Ẹnu tirẹ̀ ò là.

"Ta ló láyà?" Eudosia bi í léèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ ọmọbìnrin onífìlà pupa rọra ki fóònù bọ àpò. Mo gbé àwo náà, mo lọ da èèrà rẹ̀ sínú ihò ṣáláńgá. Mo tú aṣọ ìdáná lọ́rùn, mo fi lé dókítà lọ́wọ́, mo sì ní òun ló kàn láti fọ àwo lónìí.

Ó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà Eudosia mú un lọ sẹ́nu ihò, ó fún un ní ìgbálẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń nawọ́ sí ibi tí wóró bá kù sí. "Ọ̀kan nìyẹn. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ. Kúnlẹ̀ kó o lè rí i." Dókítà kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, Eudosia sọ̀kalẹ̀ lọ sí abúlé, ó ń ya ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń da èèrà tí wọ́n kó nù. Ilé méjì kọ̀ jálẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná wọn fúnra rẹ̀, ó sì da tiwọn nù lójú wọn. Ẹnikẹ́ni ò ṣàìsàn. Wọ́n sì fi ìyẹn bú u pé ó fi oúnjẹ ṣòfò.

Ó wá pàṣẹ pé ìgbà èèrà méjì gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jẹ nínú ihò òkè. Ẹgbẹ́ kan ihò náà ti kú, àmọ́ ẹgbẹ́ kejì ṣì ń gbé ewé wọlé. Dókítà ti kó ọsàn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò sì tún lu àwo lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Síbẹ̀, tí òjò bá ti rọ̀, Eudosia á gbé àga rẹ̀ gun òkè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjú sí wa. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ ló ń lé.

"Eudosia ti di ọlọ́pàá dókítà," ni àwọn kan ń sọ.

"Mo bá dókítà jà," ló ń dá wọn lóhùn, "ṣé ẹ̀yin ni mo wá fẹ́ bẹ̀rù?"

Ọdún kẹta pé. Èèrà jáde. Eudosia kó àwo kékeré kan péré, ó yan án nídìí igi níbẹ̀, ó sì ní kí n lọ pe dókítà. Ó wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Gbogbo wa ti yí ihò ká. Eudosia ní kó jókòó sórí àga òun.

"Ìwọ lo da oògùn," ó ní. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ."

"Tí mo bá kú ńkọ́?"

"A máa mọ̀ pé kò tíì tó àkókò."

Dókítà fọ ọwọ́. Ó mú ọ̀kan, ó wò ó. Kò di ojú pa. Ó fi í sẹ́nu, a gbọ́ bó ṣe dún láàárín eyín rẹ̀. Ó jẹ ìkejì. Ó jẹ ìkẹta. Ó ní ó dà bí ẹ̀pà tó ti gba èéfín, àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀pà lọ, òun ò sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó tún na ọwọ́ sí àwo. Eudosia gbé àwo kúrò.

"Jókòó jẹ́ẹ́. À ń wò ọ́."

A wò ó láti ọ̀sán títí ọjọ́ fi ń rọlẹ̀. A bi í bóyá inú ń run ún. A wo ojú rẹ̀, a wo ètè rẹ̀. Crisanto gbé kọfí wá fún un, kò fi ṣúgà sí i. Nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì ìrọ̀lẹ́ lù, tí dókítà ṣì jókòó, tí ara rẹ̀ sì le, Eudosia mú èèrà kan, ó jẹ ẹ́. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó gbé àwo náà fún wa pé ká jẹ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún dókítà pé kó dìde lórí àga òun.