Ìyàwó "Depend" àti Ìdánwò Bàbá Múfú

Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ti ń bímọ báyìí. Èmi náà ti kọ́ ọmọ tí kò lóǹkà ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà náà wá. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí ní tíṣà, ohùn rẹ̀ kò tíì kúrò létí mi.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, ti gbòde, àwọn ológun ló wà lórí àlééfà. Òwú kò wọlé mọ́, ìdajì àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ ti dákẹ́, ilé iṣẹ́ tó múlé tì wá sì ti fi ẹ̀wọ̀n irin de géètì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri káńtíìnì pé gbogbo òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ yóò ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá yege yóò dúró. Ẹni tí kò bá yege, kó máa lọ sílé.

Bàbá Múfú ló kọ́kọ́ wá bá mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nídìí ẹ̀rọ. Bí fọ́nrán òwú kan bá já, etí ló fi ń mọ̀ kí ojú tó rí i. Ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́fà ló ń bọ́ ní Agége.

"Tíṣà," ó ní, bẹ́ẹ̀ n kò tíì di tíṣà, "wọ́n ní o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́ mi. Bí wọ́n bá lé mi níbí, ta ni yóò tún gba arúgbó síṣẹ́?"

Bí ṣíìfù àárọ̀ bá ti parí, a ó pàdé ní káńtíìnì, èmi àti èèyàn méjìlá. Mo mọ ibi tí ìdánwò náà yóò ti mú wọn: àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn, "on", "to", "for", tó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fi Yorùbá rò ó yóò ṣìnà. Kò sí ẹni tó lè sọ ìdí tí "listen" fi yan "to". Bí ìgbéyàwó ni: àwọn tó fẹ́ra ti fẹ́ra. Bí mo ṣe fi kọ́ wọn nìyẹn, tariwotariwo, bí ìyá mi ṣe máa ń pàlọ́ fún wa tí a sì ń gbe orin.

"Ta ni ìyàwó 'depend'?"

"'On'!"

"Ti 'discuss' ńkọ́?"

"Àpọ́n ni!" Nítorí "discuss" kì í mú ẹnikẹ́ni dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "discuss about" ló kún ẹnu gbogbo wa, títí kan máníjà.

"'Apologise'?"

"Oníyàwó méjì! 'To' fún ẹni tí a ṣẹ̀, 'for' fún ẹ̀ṣẹ̀!"

Ìyá Bọ̀sẹ̀, tó ń ká aṣọ nídìí ẹ̀rọ, a sì dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀: "Bàbá Múfú, ẹ̀yin gan-an ni 'apologise'!"

"Mo gbà. Ọkọ tìrẹ ńkọ́? Àbí 'discuss' lo fẹ́?"

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá náà ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ohun tí n kò ronú kàn ni pé n kò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rí, kódà fún ọjọ́ kan.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni mo pín ìwé. Ọ̀gá kan tí kò gbọ́ Yorùbá ló ti olú ilé iṣẹ́ wá ṣọ́ wọn. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá Múfú di báírò mú bí ẹni di ọkọ́ mú, ó wo ìbéèrè àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò lọ. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lójijì, ohùn jáde: "Ta ni ìyàwó 'depend'? 'On'!" Ó kọ ọ́. "'Discuss'? Àpọ́n ni!" Ó fa ìlà sí i, pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ sọ, ọwọ́ rẹ̀ kò lè kọ ọ́. Àwọn tó jókòó yí i ká tẹrí ba, wọ́n ń kọ lọ ní tiwọn.

Ọ̀gá náà fò dìde. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo pé Bàbá Múfú ń pín ìdáhùn fún àwọn yòókù. Ó já ìwé náà gbà, ó fà á ya sí méjì.

Bàbá Múfú kò wò ó. Èmi ló wò. "Tíṣà, bá mi sọ fún un. Sọ fún un pé bí o ṣe kọ́ wa nìyí."

Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ pé àwa akọ̀wé ló kàn tí wọ́n máa lé, ìyàwó mi sì wà nínú oyún. Mo wolẹ̀. Mo ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Mẹ́sàn-án yege nínú àwọn méjìlá tí mo kọ́. Wọ́n lé Bàbá Múfú lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ kẹwàá ni mo tó ní ìgboyà láti lọ sí Agége. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò bú mi, kò sì ní kí n dìde. Ó yọ ìwé kan lápò. Ìyá Bọ̀sẹ̀, tí òun náà ṣe ìdánwò náà tó sì rántí ìbéèrè ogún tó wà níbẹ̀, ti wá kà wọ́n fún un, bàbá fúnra rẹ̀ sì ti kọ ìdáhùn sí i, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ.

"Máàkì ẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ fi ṣe báyìí?"

"Mo ní kó o máàkì ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n."

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti máàkì ẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, bóyá n ó rí àṣìṣe kan tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀. N kò rí. Mo kọ ọ́ sí i: ogún nínú ogún.

Ó gbà á, ó wò ó títí. Ó ká a, ó fi sábẹ́ fìlà rẹ̀, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.