Orúnkún Mi Ba Fọ́tò Ìgbéyàwó Wa Jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mi ò lè dá ọ̀rọ̀ yìí gbé mì.
Orúnkún mi ló ba fọ́tò ìgbéyàwó wa jẹ́ lónìí.

Ìyá mi ò lè wá láti Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Mo fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè rí ojú mi. Ayàwòrán wá bá wa nílé ọkọ mi ní Bẹ́yẹrúnkà, ó ní ká dúró gbọin bí igi títí òun á fi kà á dé mẹ́wàá.

Ó ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà rẹ̀. Bàbá ọkọ mi jáde síta. Mo kúnlẹ̀.
A tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń kọjá lọ. Mo tún kúnlẹ̀.

Ayàwòrán figbe ta: "Ìyàwó! Gíláàsì tí mo fi ń ya fọ́tò ku ẹyọ kan ṣoṣo o!"

Ni ìyá ọkọ mi bá pàṣẹ pé kí gbogbo àgbà ilé kọjú sí ògiri. Àgbààgbà, tirùngbọ̀n tirùngbọ̀n, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń fìyà jẹ!

Ayàwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí kà. Mo dúró gbọin.

Ìyá ọkọ mi ò yíjú, wọ́n kàn béèrè láti ibi ògiri: "Ìyàwó wa, ṣé o ò tíì kúnlẹ̀?"

"Rárá o, ìyá mi," ni mo dá wọn lóhùn, lórí ìkúnlẹ̀.

Ayàwòrán ní ṣóńṣó gèlè mi nìkan ló máa hàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá mi bẹ́ẹ̀? Àwọn náà ló kúkú kọ́ mi ní kíkúnlẹ̀.